Ìbéèrè Kan Tí N Kò Bi Àbúrò Mi

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ télọ̀ kan ní Ìbàdàn, ẹ mọ bí oṣù yẹn ṣe máa ń rí fún wọn: aṣọ ẹbí lórí aṣọ ẹbí, oorun wákàtí mẹ́ta, oúnjẹ ọ̀sán tó ń di ti alẹ́. Àbúrò mi obìnrin, ẹni ọdún 36 nígbà náà, tẹ́ léèsì kọ́sítọ́mà kan sórí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó ń gé e bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Kò tíì gé e dé ìbàdí tí kò fi rí ìlà ṣọ́ọ̀kì náà mọ́.

Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀ o. Ibi tó ń wò gan-an ló ṣófo. Ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn bá ṣèèṣì wo iná wẹ́dà, tí àmì kékeré kan wá dúró sáàárín ojú, tí kò fẹ́ kúrò. Ó ṣẹ́jú, ó nu ojú, kò lọ. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú márùn-ún, àmì náà ti ń fẹ̀, etí ẹ̀ wá rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn, ó ń dán, ó ń gbọ̀n bí oòrùn tó ń jó lórí omi. Ó là sílẹ̀ bíi lẹ́tà C, ó sì ń rọra sún lọ sápá òsì. Ohunkóhun tó bá bọ́ sínú C yẹn, ó ti sọnù nìyẹn. Ọmọṣẹ́ ẹ̀ dúró níwájú ẹ̀, ó ń bi í pé, "Àǹtí, kí ló dé?" Ìdajì ojú ọmọ náà ló rí, kìkì ìmọ́lẹ̀ ló wà níbi ìdajì yòókù. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ṣùgbọ́n léèsì ti bàjẹ́, ó ti gé wọnú ara aṣọ níbi tí kò yẹ. Owó ara ẹ̀ ló fi ra òmíràn fún aláṣọ.

Ó tó ìṣẹ́jú 25 kí C náà tó gbòòrò dé etí ojú, kó tó yọ jáde, tí ìríran fi mọ́ kedere padà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni apá ọ̀tún orí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì, kì, kì, bí ẹni ń gúnyán nínú ẹ̀. Ó bì. Iná ṣọ́ọ̀bù ń gún un lójú, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ò ṣeé gbà mọ́ra, kódà òórùn aṣọ tí wọ́n ń lọ̀ ń rùn sí i. Ó rá wọ abẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó sùn lé àjákù aṣọ, ó fi gèlè kan bojú. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi pè mí.

Ní ilé wa, túúlu kì í ṣe àjèjì. Màmá wa ní in. Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi gèlè di orí pinpin, tí wọ́n á ní ká ti fèrèsé, ká má da ọmọ odó rú nínú odó, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tí nǹkan oṣù wọn dáwọ́ dúró pátápátá ló tó fi wọ́n sílẹ̀, àwa sì rò pé àgbà ló lé e lọ. Torí náà, nígbà tí ti àbúrò mi dé, túúlu náà la pè é, àgbo túúlu la sì kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ. Ti ojú tó ń tàn yẹn, a ò rí orúkọ fún un. Ìyá ọkọ ẹ̀ ní ẹni kan ló fi nǹkan sọ ọ́ lójú nítorí iṣẹ́ tó ń lọ dáadáa. Mi ò bá wọn jiyàn. Obìnrin tó bá rí ayùn iná níwájú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí àwọn tó yí i ká ò rí nǹkan kan, kò ya ni lẹ́nu pé ẹ̀rù ayé bà á.

Èmi wá ńkọ́? Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Ọdún kan àbọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí ọmọ ẹ̀ kejì já lẹ́nu ọmú, èmi fúnra mi ni mo fún un ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, èyí tí wọ́n ń mu lójoojúmọ́. Mo ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wa. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀, ó dáa. Mo bi í bóyá ó ń mu sìgá, bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lẹ́sẹ̀ rí, bóyá ojú ẹ̀ ti pọ́n rí nítorí ẹ̀dọ̀. Mo bi í pé, "Ṣé orí máa ń fọ́ ọ?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni orí kì í fọ́?" A rẹ́rìn-ín, mo kọ orúkọ ẹ̀ sínú káàdì, a kọjá lọ. Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Ó yẹ kí n bi í pé: kí orí tó fọ́, ṣé ojú rẹ máa ń ṣe nǹkan?

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ ìbéèrè yẹn dáadáa. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi àwọn aláboyún: "Ìyá, ṣé ojú yín ń ṣe bàìbàì? Ṣé ẹ ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́ yẹ̀rìyẹ̀rì?" Aláboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí orí ń fọ́, tó sì ń rí ìmọ́lẹ̀, ká tó sọ̀rọ̀ kejì, a ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀, a ti yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, nítorí gìrì aláboyún. Inú yàrá aláboyún ni ìbéèrè ojú wà. Bí mo bá ti rìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá dé yàrá ìfètòsọ́mọbíbí, n kì í gbé e dání lọ.

Lẹ́yìn oṣù Kejìlá yẹn, ó dé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kìíní, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù Kejì. Ó ń bẹ̀rù sísọ́ọ̀sì. Ó ń bẹ̀rù àtisọdá títì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu oògùn orí fífọ́ kí orí tó fọ́, ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ní gíláàsì ló kù tóun máa gbìyànjú, ló bá lọ sí ilé àyẹ̀wò ojú, mo tẹ̀ lé e.

Ọ̀dọ́kùnrin tó yẹ ojú ẹ̀ wò, Ọlọ́run á máa bù kún un. Ó ṣe gbogbo àyẹ̀wò ẹ̀ tán: àbúrò mi ka lẹ́tà orí ògiri dé ìsàlẹ̀, agbára tó ń ti ẹyinjú láti inú dáa, ẹ̀yìn ojú mọ́. Ẹlòmíì ì bá ta gíláàsì fún un. Ó ní, "Ìyá, nígbà tí iná yẹn bá ń tàn, ẹ dijú ọ̀tún, ṣé ó máa ń lọ? Ẹ dijú òsì ńkọ́?" Àbúrò mi ní òun ti dán an wò, ó wà níbẹ̀, ojú kan ni tàbí ojú kejì, kódà bóun bá di ojú méjèèjì, òun ṣì ń rí i nínú òkùnkùn. Ó fún un ní bébà pé kó yà á. Télọ̀ ni, ọwọ́ ẹ̀ mọ ìlà fífà. Ó ya àmì kékeré, ó ya òmíràn tó tóbi jù ú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, títí ó fi ya márùn-ún, ìkẹyìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú bébà. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Ojú yín ò ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ojú ni, ẹ bá dì í, kò ní sí mọ́. Ẹ̀yìn orí yín ni sinimá yìí ti ń wá." Ó kọ lẹ́tà fún wa lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ.

Dókítà náà gba bébà tó yà, ó wò ó, ó sì kọ́kọ́ bi í léèrè ìgbà tó kọ́kọ́ rí irú ẹ̀ láyé. Mo ti fẹ́ dáhùn pé oṣù Kejìlá. Àbúrò mi ní, "Ọdún tí mo ṣe wáẹ̀kì." Ọmọ ọdún 17 ni. Ó ń kọ ìdánwò, àárín ọ̀rọ̀ ń sọnù lórí bébà, ó rò pé ebi ni. Ó tún rí i lẹ́ẹ̀kan nínú oyún àkọ́kọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí kò sẹ́ni tó bi í. Èmi tí a jọ sùn lórí ẹní kan náà nígbà ọmọdé ni mo jókòó tì í níbẹ̀ tí mò ń gbọ́ ọ fúngbà àkọ́kọ́. Dókítà wá ní, "Ṣé ẹ ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí?" Ó mú páálí oògùn náà jáde nínú báàgì. Kò wo ojú mi, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tó fún òun.

Migraine ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pe túúlu wa. Irú tí iná máa ń ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n fi aura kún orúkọ ẹ̀. Bí ó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ nìyí. Ní ẹ̀yìn orí, níbi tí ọpọlọ ti ń túmọ̀ ohun tí ojú rí, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á ta gìrì, wọ́n á ṣiṣẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ìdàrúdàpọ̀ yẹn á máa tàn lọ bí iná tó ń jó pápá lọ́gbẹlẹ̀: etí iná ló ń tàn, ibi tó ti jó kọjá á dúdú. Etí iná yẹn ni ayùn tó ń dán, ibi dúdú ni ojú léèsì tó sọnù. Mìlímítà 3 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọra fẹ̀, tí kì í dé gbì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lọ kàwé sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Ọmọ ilẹ̀ Bràsíl kan, Aristides Leão, ló ṣàkọsílẹ̀ ìgbì yìí nínú ọpọlọ ehoro lọ́dún 1944. Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1941, Karl Lashley ní Amẹ́ríkà ti ya èyí tó ń rìn lójú òun alára sínú bébà bó ṣe ń fẹ̀, ó fi aago kà á, ó sì ṣírò ẹ̀ pé mìlímítà 3 ni ohun tó ń fà á ń rìn níṣẹ̀ẹ́jú kan nínú ọpọlọ òun. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, torí ohun tí àbúrò mi ṣe lórí bébà ní ilé àyẹ̀wò ojú nìyẹn.

Ní ti họ́mónù, èyí ni mo fẹ́ kí àwọn obìnrin gbọ́ dáadáa. Páálí oògùn tí mo fún un ní hóró 28. Funfun 21 ni, wọ́n ní họ́mónù méjì, estrogen àti progestogen, nínú. 7 yòókù jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, ayọ́ọ̀nù tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ ló wà nínú wọn, kò sí họ́mónù kankan. Dókítà ní kó máa kọ gbogbo ìkọlù sílẹ̀. Kò ra ìwé tuntun. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà sí, ó fi rúlà pín in: ọjọ́, ojú, orí, oúnjẹ, oorun, nǹkan oṣù. Níwájú ìwé, àyà 40, ìbàdí 44. Lẹ́yìn ẹ̀, "ojú, agogo 11 kọjá ìṣẹ́jú 10, kò tíì jẹun". Ó tún padà lọ ṣe ìrántí àwọn tó ti kọjá, ó fi ọjọ́ tí wọ́n wá gba aṣọ kọ̀ọ̀kan ṣírò wọn.

Nígbà tá a fi àwọn tó ti kọjá yẹn wé páálí oògùn, ó hàn. Iná ojú ń wá láàárín hóró funfun. Orí fífọ́ tí kò níná, èyí tó máa ń gùn jù, ń wá láàárín hóró aláwọ̀ ilẹ̀, ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Kò wọ̀ ọ́ pátápátá. Ìkọlù méjì wà tí a ò rí ìdí wọn àfi àìsùn àti àìjẹun. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí dókítà sọ mu: bí estrogen bá pọ̀ lára, bíi nínú oyún tàbí nínú oògùn yìí, iná ojú tètè máa ń gbéra lára ẹni tó bá ní i. Bí estrogen bá sì já wálẹ̀ lójijì, bó ṣe máa ń já kí nǹkan oṣù tó dé, orí fífọ́ ló ń fà, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí iná. Ọjọ́ méjì ṣáájú nǹkan oṣù títí dé ọjọ́ kẹta ẹ̀ ni ewu ẹ̀ pọ̀ jù. Obìnrin tó ní migraine fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ọkùnrin tó ní in. Kí ọmọ tó bàlágà, kò sí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Orí fífọ́ nìkan kọ́ ló bà mí nínú jẹ́. Ẹni tó bá ní iná ojú yìí, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i lọ́pọlọ, kó di àrùn rọpárọsẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹlòmíì. Lára obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ewu náà kéré, mi ò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àmọ́ estrogen inú oògùn ń bù kún un, sìgá ń bù kún un, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń bù kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé kan tí wọ́n fi máa ń yan ìfètòsọ́mọbíbí fún èèyàn, nọ́ńbà 1 sí 4: 1 ni pé kò sí wàhálà, 4 ni pé ká má ṣe fún un rárá. Migraine tó ní iná ojú, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, 4 ni fún oògùn tó ní estrogen. Fún àwọn tó jẹ́ progestogen nìkan, bí abẹ́rẹ́ àti èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, 2 ni fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fún kọ́ìlì inú ilé ọmọ tí wọ́n fi wáyà bàbà wé, 1 ni. Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ṣí i nígbà tí mo délé iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo fi ìka mi lé orí ìlà náà. Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ò mọ̀." Mo ní mo mọ̀, mi ò bi ẹ́ ni. Ó dákẹ́, ó wá bu ọbẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ tá a kúrò lọ́dọ̀ dókítà ló dáwọ́ oògùn yẹn dúró, ó sì gbà kí wọ́n fi kọ́ìlì oníbàbà sí i, nítorí kò fẹ́ họ́mónù kankan mọ́. Nǹkan oṣù ẹ̀ pọ̀ sí i fún bí oṣù mẹ́ta, ìyẹn náà ò rọrùn. Èyí tó le jù ni ti oògùn orí fífọ́. Dókítà ní bí èèyàn bá ń lo parasitamọ́ọ̀ tàbí ibuprofen fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó sì tó oṣù mẹ́ta, oògùn náà fúnra ẹ̀ á máa fa orí fífọ́. Ti àwọn tí wọ́n pò mọ́ káféènì tàbí kodéènì, ọjọ́ 10 ti tó. Ó ní láti dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dà bí ìyà. Ó pè mí lóru ọjọ́ kan, ó ń sunkún, ó ní kí n jẹ́ kóun lo méjì péré. Mo lọ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo fi aṣọ tútù lé e níwájú orí, a jọ dúró de ilẹ̀ tó ń mọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi í sórí propranolol fún oṣù mẹ́fà láti dín ìkọlù kù, wọ́n kọ́kọ́ rí i dájú pé kò ní ásímà. Ibuprofen tó kù fún un, bí ìkọlù bá ti bẹ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tètè lò ó, pẹ̀lú oúnjẹ, pẹ̀lú oògùn tí kò ní jẹ́ kó bì í.

Ṣọ́ọ̀bù náà yí padà. Ó yọ iná gígùn tó ń ṣẹ́jú lókè tábìlì. Àwọn ọmọṣẹ́ mọ̀ pé bó bá ti ní "ojú ti dé", ẹnì kan á gba sísọ́ọ̀sì, ẹnì kan á fa kọ́tìnnì. Kò gba aṣọ ẹbí ju ìwọ̀n kan lọ mọ́ lóṣù Kejìlá, kì í sì í jẹ́ kí agogo 1 ọ̀sán kọjá kó tó jẹun. Nígbà tí ọdún 2018 fi parí, iná ojú ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan. Orí fífọ́ àkókò nǹkan oṣù ò lọ tán, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ ẹ̀, kì í gba iṣẹ́ kánjúkánjú sínú ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Èmi náà yí yàrá mi padà. Ìbéèrè ojú ti wà lórí bébà tí mo lẹ̀ mọ́ tábìlì ìfètòsọ́mọbíbí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń bi í, torí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣú díẹ̀ bí orí bá ń fọ́ wọn gidi, ìyẹn kọ́ là ń wá. Mo máa ń bi wọ́n pé: ṣé ó máa ń ṣáájú orí fífọ́? Ṣé ó máa ń rọra fẹ̀? Ṣé ó máa ń pẹ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kó sì lọ kí wákàtí kan tó pé? Obìnrin kan tó ń ta ata kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ta ló sọ fún yín?" Abẹ́rẹ́ ló lò, kò lo ti estrogen.

Mo sì máa ń sọ fún wọn irú èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ jókòó sílé dè. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láyé ni, kí dókítà rí wọn. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ṣú, bó bá kọjá wákàtí kan, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí ẹnu bá wọ́, bí orí fífọ́ bá dé gbà bí àrá tó sán, bí ibà àti ọrùn líle bá bá a wá, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Aláboyún, lójú ẹsẹ̀ ni.

Ó ti pé ẹni ọdún 45 báyìí. Láti ọdún tó kọjá ni nǹkan oṣù ẹ̀ ti ń ṣe ségesège, oṣù kan á wá, méjì á kọjá, iná ojú sì ti ń padà dé. Dókítà ní bí họ́mónù ṣe ń lọ sókè sódò kó tó dáwọ́ dúró ló fà á, pé fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ó máa ń dẹ̀ lẹ́yìn náà, bó ṣe dẹ̀ fún Màmá wa. Ó ti ṣí ìwé tuntun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, agogo mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Ó ti dé."

"Apá ibo?"

"Òsì."

Mo wo aago. N kò pa fóònù. A sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwé àwọn ọmọ, nípa gáàrì tó wọ́n, ó ń sọ fún mi ibi tó dé: ó ti tó owó kọ́bọ̀, ó ti tó abọ́, ó ti kan etí. Ìṣẹ́jú 22.

"Ó ti jáde," ló wí. Orí ò tíì fọ́. Mo gbọ́ tó gbé fóònù lé nǹkan, lẹ́yìn náà mo gbọ́ mọṣíìnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán.